Bí ẹ ó ṣe wakọ̀ la òjò, ìjì àti ọyẹ́ já

Nínú oṣù kẹsàn-án ọdún kan, mo ń bọ̀ láti Ìbàdàn sí Èkó. A ti kọjá Ògèrè kí òjò tó dé. Òjò gidi kọ́ o, òjò wínníwínní tó kàn rẹ ojú títì lásán ni. Bọ́ọ̀sì eléèyàn méjìdínlógún kan fò wá kọjá lápá òsì bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ìyá àgbà tó jókòó lẹ́yìn mi ní, "Ẹ ò rí ọmọ yìí? Ó fẹ́ ṣáájú òjò dé Èkó." Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn náà tí a bá bọ́ọ̀sì yẹn nínú koríko, ó ti kọjú sí ibi tó ti ń bọ̀. Kò sẹ́ni tó kú, Ọlọ́run ló ṣe é. Dẹ́rẹ́bà dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, omi ń ṣàn lójú rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń tún sọ fún gbogbo ẹni tó bá dúró: "Mi ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bíréékì ni mo kàn tẹ̀."

Ó tẹ bíréékì bó ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ojú títì ti yí padà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tíì gbọ́. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá gbọ́ lórí rédíò pé òjò fa ìjàǹbá ọkọ̀, ẹsẹ̀ dẹ́rẹ́bà yẹn ni mo máa ń rántí. Àwọn àgbà ní ẹni òjò pa tí Ṣàngó ò pa, kó máa dúpẹ́. Lórí títì márosẹ̀, ẹni òjò pa tí tírélà ò pa náà lọ́pẹ́ í dá. Bí ẹ ó ṣe jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín tètè gbọ́ ni mo fẹ́ sọ níhìn-ín, láti ilé títí dé ibi tí ẹ ń lọ.

1. Ẹ mọ irú òjò tí ẹ fẹ́ wọ̀

Òjò ò rí bákan náà látìbẹ̀rẹ̀ ọdún dópin. Òjò àkọ́rọ̀, láàárín oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún, ìjì ló máa ń ṣáájú rẹ̀: eruku á gbéra, ojú ọ̀run á ṣú, atẹ́gùn á ti máa mi pátákó ìpolówó jìgìjìgì kí ẹ̀kán omi kan tó kán. Oṣù kẹfà àti ìkeje ni òjò máa ń pọ̀ jù lápá ọ̀dọ̀ wa, tí àgbàrá á bo títì. Oṣù kẹjọ á fún wa nísinmi díẹ̀, àwọn awakọ̀ á ti gbàgbé, ni àrọ̀kúrò á bá dé ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá pẹ̀lú ìjì tirẹ̀. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé ìsinmi oṣù kẹjọ yẹn jù. Ìparí oṣù kẹjọ ni odò Ògùnpa ya wọ Ìbàdàn lọ́dún 1980, ìparí oṣù kẹjọ náà ni omíyalé ọdún 2011 wó afárá nílùú kan náà. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni ọyẹ́, tí kò ní omi kankan ṣùgbọ́n tó lè bo ojú ọ̀nà débi pé ẹ ó máa wá ọkọ̀ tó wà níwájú yín tì.

Àjọ NiMet, àwọn tó ń wo ojú ọjọ́ fún ìjọba àpapọ̀, máa ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ òjò ọdún jáde níbẹ̀rẹ̀ ọdún, wọ́n sì ń sọ ti ojoojúmọ́ pẹ̀lú. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn àjò. Bí wọ́n bá ní òjò ń bọ̀ lọ́sàn-án, ẹni tó ń lọ Àkúrẹ́ láti Èkó mọ̀ pé òwúrọ̀ lòun ó gbéra. Ẹni tí kò bá ní íńtánẹ́ẹ̀tì, kó gbójú sókè. Àwọn bàbá wa ò ní fóònù, wọ́n sì mọ òjò tó máa rọ̀.

2. Táyà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, òun náà ni kẹ́ ẹ wò gbẹ̀yìn

Ohun mẹ́rin péré ló so ọkọ̀ yín mọ́ ilẹ̀, ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti fara kan títì kò sì fi bẹ́ẹ̀ fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ. Ìyẹn ni gbogbo ohun tí ẹ ní. Àwọn ilà ara táyà tí ẹ ń rí yẹn, ojú àgbàrá ni wọ́n: ibẹ̀ ni omi ń gbà sá kúrò kí rọ́bà lè tẹ títì mọ́lẹ̀. Bí ilà bá ti jẹ tán, omi ò ríbi sá sí. Ẹni tó bá ti wọ sílípáàsì tó ti dán nísàlẹ̀ wọ balùwẹ̀ rí mọ ohun tí mò ń wí.

Bí ẹ ó ṣe yẹ̀ ẹ́ wò rèé. Ẹ wo inú ilà náà dáadáa, ẹ ó rí àwọn kókó rọ́bà kéékèèké tí wọ́n fi dábùú rẹ̀. Bí ojú táyà bá ti jẹ dé ìpele kókó wọ̀nyí, táyà ti parí iṣẹ́. Ìwọ̀n ibẹ̀ jẹ́ mìlímítà 1.6, iye kan náà tí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi lélẹ̀ pé táyà mọ́tò ò gbọdọ̀ kéré sí. Fún òjò tiwa, èmi kì í dúró dìgbà yẹn. Tó bá ti ku mìlímítà 3, mo ti ń tọ́jú owó táyà. Tí ẹ ò bá ní ohun ìwọ̀n, ẹ fi igi ìṣáná kan lélẹ̀ nínú ilà náà. Bí igi bá yọ sókè, ẹ ti gbọ́ èsì.

Ẹ wo ọjọ́ orí rẹ̀ pẹ̀lú. Lára táyà, lẹ́yìn lẹ́tà DOT, nọ́ńbà mẹ́rin kan máa ń wà nípẹ̀kun: 2319 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Ọ̀rọ̀ táyà tòkunbọ̀ ń bí mi nínú, mo sì mọ̀ pé owó ló fà á. Ṣùgbọ́n ẹ má ra èyí tí wọ́n fi irin gé ilà tuntun sí lára. Ó ń dán, ó ń fani mọ́ra, rọ́bà tó yẹ kó wà lábẹ́ ilà náà ni wọ́n ti gé dànù.

Afẹ́fẹ́ ńkọ́? Iye tó yẹ wà lára ìwé kékeré kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ etí ilẹ̀kùn dẹ́rẹ́bà, ẹ má jẹ́ kí fọkanáísà fi ẹsẹ̀ ta táyà kó ní ó ti tó. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kéré tètè ń léfòó lórí omi. Nígbà ooru oṣù kejì àti ìkẹta sì rèé, òun kan náà ló máa ń gbóná tó fi ń bẹ́, pàápàá bí ọkọ̀ bá ru ju agbára rẹ̀ lọ.

Ìyókù ò pẹ́. Ẹ pààrọ̀ rọ́bà wáìpà kí àkọ́rọ̀ tó dé, nítorí oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn ti yan án gbẹ. Ẹ tan gbogbo iná, kí ẹnìkan dúró lẹ́yìn ọkọ̀ wò ó bí iná bíréékì ń tàn. Mo ti rí bọ́ọ̀sì tí kọ́ńdọ̀ ń na ọwọ́ jáde fi àkísà nu gíláàsì fún dẹ́rẹ́bà. A rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Kò yẹ ká rẹ́rìn-ín.

3. Kẹ́ ẹ tó kúrò nílé

Ẹ bi ara yín bóyá dandan ni kẹ́ ẹ jáde báyìí. Òjò tó le jù kì í sábà rọ̀ ju wákàtí kan tàbí méjì lọ. Ẹni tó dúró jẹ ẹ̀bà rẹ̀ tán kó tó jáde lè bá ẹni tó sáré jáde nínú gọ́ọ̀sìlóò kan náà.

Ẹ gba agbára sí fóònù. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, ẹ mú C-caution, kó má sì jẹ́ abẹ́ ẹrù ni yóò wà. Ẹ wọ bàtà tó di ẹsẹ̀ mú: ẹsẹ̀ tútù nínú sílípáàsì máa ń yọ̀ lórí bíréékì, ìyẹn nìkan ti tó láti gbé èèyàn wọ ẹ̀yìn ọkọ̀ ẹlòmíì. Kí gbogbo èrò inú ọkọ̀ de bẹ́líìtì, tẹ̀yìn tiwájú.

4. Ìṣẹ́jú díẹ̀ àkọ́kọ́ ló léwu jù

Níbí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe, níbí ni bọ́ọ̀sì Ògèrè yẹn náà ti ṣìṣe. Gbogbo àkókò tí òjò ò fi rọ̀, ọ́ìlì tó ń jò lára ọkọ̀, dísù tó ń kán lára tírélà, èérún rọ́bà táyà àti eruku ń jókòó sórí ọ̀dà. Bí omi díẹ̀ bá kán sí i, gbogbo rẹ̀ á pò pọ̀, á yọ̀ bí ilá. Òjò ńlá tó bá rọ̀ pẹ́ á fọ̀ ọ́ lọ. Òjò wínníwínní á kàn pò ó sílẹ̀ fún yín ni. Ìdí nìyẹn tí òjò tí kò tó nǹkan lẹ́yìn ọ̀dá ọ̀sẹ̀ méjì fi lè burú ju òjò alágbára tó ti ń rọ̀ láti àná.

Nítorí náà, ẹ̀kán àkọ́kọ́ tó bá ti kán sórí gíláàsì, kẹ́ ẹ ṣí ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù. Ẹ má dúró kí títì tó tutù tán. Ẹ tan iná iwájú, iná ìsàlẹ̀ ni o, bó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀sán gangan, torí ẹni tó ń bọ̀ níwájú gbọ́dọ̀ rí yín. Ẹ ṣọ́ra níbi tí bọ́ọ̀sì ti máa ń dúró gbé èrò, níwájú ilé epo àti ní oríta, torí ibẹ̀ ni ọ́ìlì ti ń kán jù.

5. Ẹ fi àyè sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì kà á

Ọkọ̀ tó ń sá 80 kìlómítà ní wákàtí kan ń jẹ nǹkan bíi mítà 22 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Lórí títì gbígbẹ, láti ìgbà tí ojú yín bá ti rí nǹkan títí ọkọ̀ á fi dúró pátápátá, ẹ ó ti lọ tó mítà 53. Bí títì bá tutù, ohun tí bíréékì nílò máa ń di ìlọ́po méjì, ẹ ó sì sún mọ́ mítà 90. Gbọ̀ngàn ìgbéyàwó mélòó nìyẹn? Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ apá tó dùn: bí ẹ bá dín eré kù sí ìdajì, ohun tí bíréékì nílò á dín kù sí ìdá mẹ́rin. Ẹ̀bùn ńlá ni, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ta ló fẹ́ máa wọn mítà nínú òjò? Orin kíkà ọmọdé ni mo máa ń lò. Ẹ mú àmì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, bí òpó iná tàbí pátákó. Bí ẹ̀yìn ọkọ̀ tó wà níwájú bá ti kọjá ibẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀, láìkánjú: *ení bí ení, èjì bí èjì, ẹ̀ta ń tagbá, ẹ̀rin wọ̀rọ̀kọ̀*. Ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹ bá dé ibi àmì náà kẹ́ ẹ tó parí "wọ̀rọ̀kọ̀", ẹ ti sún mọ́ ọn jù, ẹ fà sẹ́yìn. Lóru tàbí nínú òjò tó le, ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo mọ̀ pé bí ẹ bá fi àyè sílẹ̀ lójú ọ̀nà Èkó, dánfó kan á wọ inú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó wọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ tún fà sẹ́yìn. Kò lè gba ibi gbogbo.

Òfin ní kí ọkọ̀ àdáni má kọjá 100 kìlómítà ní wákàtí lórí títì márosẹ̀, kí bọ́ọ̀sì èrò má sì kọjá 90. Ìyẹn ni òpin, kò pa á láṣẹ fún yín pé kẹ́ ẹ dé ibẹ̀ nínú òjò. Níbi tí mo bá ti ń sá 100, mo máa ń wá sí 70 bí títì bá tutù. Bí òjò bá pọ̀ sí i, mo wá sí 50. Ìgbà tí wáìpà bá ń sáré pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀ tí gíláàsì ò sì mọ́, eré ò sí nínú ọ̀rọ̀ mọ́, ibi ìdúró ni kẹ́ ẹ máa wá.

Àṣà kan wà tí mo fẹ́ bá yín jà lé lórí: pọ́ńtà méjèèjì tí ẹ máa ń tàn pa pọ̀ nínú òjò, tí ẹ fi ń sáré lọ. Ọkọ̀ tó ti bàjẹ́, tó dúró, ló ni iná yẹn. Bí ẹ bá tàn án tí ẹ sì ń lọ, ẹni ẹ̀yìn ò ní mọ̀gbà tí ẹ fẹ́ yà sápá ọ̀tún, kò sì ní dá ọkọ̀ tó dúró mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tó ń lọ. Iná ìsàlẹ̀ níwájú, iná pupa lẹ́yìn, ó ti tó.

Ẹ má tẹ̀lé tírélà nínú eruku omi tó ń fọ́n sílẹ̀. Bí ẹ ò bá rí dígí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, dẹ́rẹ́bà rẹ̀ náà ò rí yín. Bí ìjì bá ń fẹ́, ẹ jìnnà sí ẹ̀gbẹ́ èyí tó ru kọ̀ǹténà, pàápàá lórí afárá, nítorí atẹ́gùn ń gbá ara gbàgbà rẹ̀ bí ìgbòkun, gbogbo wa la sì mọ bí wọ́n ṣe máa ń de kọ̀ǹténà mọ́lẹ̀ tàbí kí wọ́n má dè é rárá.

6. Bí ọkọ̀ bá léfòó

Ẹ ó mọ̀ ọ́n lára: sítíárì á fúyẹ́ lójijì, ariwo táyà á dákẹ́, bí ẹni pé ọkọ̀ ń fò. Omi ti wọ abẹ́ táyà, rọ́bà ò kan títì mọ́. Ara á ní kẹ́ ẹ tẹ bíréékì. Ẹ má dá a lóhùn. Ẹ ṣí ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, ẹ di sítíárì mú gírí ní ọ̀kánkán, ẹ dúró. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, eré á rọlẹ̀, táyà á tún di ilẹ̀ mú. Ọ̀rọ̀ yìí rọrùn láti kọ o. Ìgbà àkọ́kọ́ tó ṣe mí, ìbàdí mi di omi.

Bí ìdí ọkọ̀ bá ń gbá lọ sápá kan, ibi tí ẹ fẹ́ lọ ni kẹ́ ẹ tẹjú mọ́, kẹ́ ẹ sì yí sítíárì síbẹ̀ jẹ́jẹ́. Ẹni tó bá tẹjú mọ́ gọ́tà, inú gọ́tà ló ń lọ. Bí bíréékì bá di dandan, ọkọ̀ tó ní ABS (ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí bíréékì di táyà pa), ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kẹ́ ẹ má ṣí ẹsẹ̀. Á máa gbọ̀n pẹ̀pẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù. Ọkọ̀ àtijọ́ tí kò ní i, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ kẹ́ ẹ máa tú u, díẹ̀díẹ̀. Ọkọ̀ òde òní tó lè di eré mú fúnra rẹ̀ lórí títì márosẹ̀, ẹ pa ohun èlò yẹn nígbà òjò.

7. Omi tó bo títì

Ẹ ronú nípa rúlà ọmọ ilé ìwé. Ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 30. Omi tó ga tó bẹ́ẹ̀ lè gbé ọ̀pọ̀ mọ́tò kéékèèké léfòó. Ìlọ́po méjì rẹ̀, tó ga ju orúnkún lọ, bó bá ń ṣàn, ó lè gbé jíìpù lọ. Ìdajì rúlà náà péré, tó fi díẹ̀ kọjá kókósẹ̀, bó bá ń ṣàn kíkan, ó lè gbá àgbàlagbà ṣubú. Àwọn tó ń gun jíìpù ni mo ń bá wí jù níhìn-ín. Gíga ọkọ̀ yín kò sọ ọ́ di ọkọ̀ ojú omi.

Ohun tó tún burú ni pé ẹ ò mọ ohun tó wà nísàlẹ̀. Àgbàrá lè ti gbé ìdérí gọ́tà lọ, títì lè ti ya. Ẹ dúró wo ọkọ̀ tó ga bí tiyín kó kọ́kọ́ kọjá. Bí omi bá dúró jẹ́ẹ́ tí kò sì ju ìdajì táyà lọ, ẹ gba àárín títì, torí ibẹ̀ ló máa ń ga jù, ẹ fi gíà kìíní lọ, ẹ má dúró, ẹ má sáré. Bí ẹ bá jáde, ẹ tẹ bíréékì fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta mẹ́rin kí ó gbẹ. Bíréékì tó mu omi ò ní mú lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú sínú omi, ẹ má tún un tàn. Omi lè ti wọ inú rẹ̀, bí ẹ bá tàn án, ẹ́ńjìnnì tuntun lẹ ó rà. Ẹ jáde, ẹ gun orí òkè, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ náà wà níbẹ̀. Kẹ́ ẹ sì ṣọ́ wáyà iná tó já sínú omi.

Fún ẹ̀yin ará Ìṣẹri, Kara àti Ajégúnlẹ̀ ọ̀nà Ìkòròdú: ìgbà mìíràn omi ń bọ̀ láìsí òjò. Bí ìdídò Ọ̀yán bá tú omi sílẹ̀, odò Ògùn á kún, oòrùn lè máa ràn lórí yín. Oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá ni kẹ́ ẹ fetí sí ìkìlọ̀ jù.

8. Ibi tí ẹ ó dúró sí

Ẹ máa wo abẹ́ afárá nígbà òjò. Àwọn ọlọ́kadà ti tò síbẹ̀ ní ìlà mẹ́ta, wọ́n ti gba ìdajì títì, ọkọ̀ sì ń bọ̀ láti inú òjò tí kò rí nǹkan. Mo mọ̀ pé òjò ń pa wọ́n, wọn ò ní òrùlé. Síbẹ̀, ẹ̀yin ọlọ́kadà, ẹ gbé ọ̀kadà yín gun pèpéle tàbí kẹ́ ẹ yà sílé epo. Ẹ̀yin onímọ́tò, bí ẹ bá ń sún mọ́ afárá nínú òjò, ẹ rọra bí ẹni ń wọ ọjà.

Ilé epo ló dára jù fún ìdúró, tàbí àgbàlá ilé ìjọsìn tàbí ìta ilé oúnjẹ. Ẹ má dúró sábẹ́ igi ńlá tàbí pátákó ìpolówó, torí ìjì. Bí ẹ̀gbẹ́ títì nìkan ló wà, ẹ bọ́ kúrò lórí ọ̀dà pátápátá, ìgbà yìí ni pọ́ńtà méjèèjì wúlò. Bí àrá bá ń sán, ẹ jókòó sínú ọkọ̀ kẹ́ ẹ pa gíláàsì dé. Irin tó yí yín ká á darí mọ̀nàmọ́ná gba ara rẹ̀ wọ ilẹ̀.

9. Ọyẹ́ àti kùrukùru

Nínú kùrukùru, ojú ń tan èèyàn: ọkọ̀ tó wà nítòsí á jọ pé ó jìnnà, eré tiyín á jọ pé kò pọ̀. Ẹ máa wo nọ́ńbà tó ń sọ eré ọkọ̀ yín, ẹ má gba ojú gbọ́. Iná òkè kò ṣeé lò nínú rẹ̀, ṣe ni á gbá padà sójú yín bí aṣọ funfun. Iná ìsàlẹ̀ ni. Àárọ̀ kùtù ló máa ń nípọn jù, níbi àbàtà bíi abẹ́ afárá gígùn tó wà láàárín Berger sí Ìbàfò, àti lórí òkè bíi ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n Aláayè. Bí ẹ bá lè dúró dìgbà tí oòrùn bá yọ, ẹ dúró. Ẹ ṣí gíláàsì díẹ̀ kẹ́ ẹ fi etí wakọ̀: ẹ ó gbọ́ fèrè tírélà kẹ́ ẹ tó rí i.

Ẹ̀yin tó wà ní London tàbí Chicago, yìnyín ni tiyín. Èyí tó léwu jù ni èyí tó tín-ín-rín, tó mọ́ gaara, tó fi jẹ́ pé ọ̀dà títì nìkan lẹ ó máa rí. Orí afárá ló ti máa ń kọ́kọ́ dì. Ìlànà awakọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àyè tí ẹ ó fi sílẹ̀ lè tó ìlọ́po mẹ́wàá ti títì gbígbẹ. Orin kíkà wa ò gùn tó ìyẹn.

10. Bó bá ti ṣẹlẹ̀

Ìjàǹbá kejì ló sábà máa ń pa àwọn tó yè nínú ti àkọ́kọ́: wọ́n dúró sórí títì, wọ́n ń jiyàn ta ló jẹ̀bi, ọkọ̀ mìíràn jáde láti inú òjò. Ẹ tan pọ́ńtà méjèèjì, ẹ kó gbogbo èèyàn kọjá irin ẹ̀bá títì tàbí wọ inú koríko, lẹ́yìn náà ni kí ẹnìkan gbé C-caution sẹ́yìn, kó jìnnà ju ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lọ dáadáa. Ẹ pe 122, nọ́ńbà àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó. Ní Èkó, 767 tàbí 112. Ẹ sọ ibi tí ẹ wà gan-an, ìlú tí ẹ kọjá kẹ́yìn àti ìlú tí ẹ kọjú sí. Ẹni tó há, ẹ má fà á yọ bí kò bá sí iná tàbí omi tó ń lé e bọ̀. Ọrùn tó ti fẹ́ kán lè kán tán lọ́wọ́ aláàánú.

11. Ẹ̀yin èrò, àti ẹ̀yin tó wà nílé

Èrò ní ẹnu. Bí dẹ́rẹ́bà bá ń sá eré àsápajúdé nínú òjò, ẹ má jókòó máa gbàdúrà nìkan. Bí ẹ bá ní, "Ọ̀gá dẹ́rẹ́bà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra, a ò kánjú," tí ẹni méjì mẹ́ta bá gbè é lẹ́sẹ̀, á dín eré kù. Ìyá àgbà ló tilẹ̀ mọ̀ ọ́n sọ jù: "Ọmọ mi, rọra o, èmi náà ní ọmọ tó ń wakọ̀." Kò sí dẹ́rẹ́bà tó lè bú ìyẹn.

Ẹ̀yin tó ń fẹsẹ̀ rìn, ọ̀rá tí ẹ dà bo orí ò jẹ́ kẹ́ ẹ rí ẹ̀gbẹ́. Ẹ ṣí i sẹ́yìn kẹ́ ẹ tó sọdá, ẹ sì má gbà pé ọkọ̀ tó ń bọ̀ lè dúró. Ẹ ti rí mítà 90 lókè.

Ẹ̀yin ará ilé, bí òjò bá ń rọ̀ tí ẹni yín sì wà lójú ọ̀nà, ẹ má pè é ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá láti bi í pé ó dé ibo. Fóònù tó ń dún nínú òjò máa ń gba ọwọ́ kan kúrò lórí sítíárì. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré, tí yóò kà nígbà tó bá dúró sílé epo: "Má sáré. A ti bu oúnjẹ rẹ sílẹ̀."